Ìdúró Ni Kí Ẹ Máa Wá: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Rọ́kẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń kọ̀wé sí mi pé iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ ṣe, ohun kan náà ni ẹ máa ń béèrè: báwo lèèyàn ṣe ń dẹni tó ń ṣe ẹ́ńjìnì? Èmi ò ṣe ẹ́ńjìnì rí. Páìpù, fáàfù, omi àti kọnkéré ni tèmi, àwọn nǹkan tó máa ń ṣẹ́kù sílẹ̀ nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń dá iṣẹ́ dúró. Ilẹ̀ ni, tàbí òkun, tàbí ojú ọjọ́. Ẹni tó bá lè dín ìdúró yẹn kù láì fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni wewu, òun ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó kàn wá. Sátẹ́láìtì kékeré Nigeria EduSat-1, tí àwọn ará FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, bá Kyushu Institute of Technology ti Japan ṣe, wà nínú ẹrù tí Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ SpaceX ti Amẹ́ríkà, fẹ́ gbé lọ sókè ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, 2017, láti pèpéle 39A ní Kennedy Space Center, Florida. Gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́. Mọ̀nàmọ́ná kọ nítòsí, wọ́n ní kó dúró. Ọjọ́ 3 ló tó gbéra.

Ẹ má sọ pé ojo ni wọ́n. Ní oṣù Kọkànlá, 1969, Apollo 12, tó ń gbé èèyàn lọ sí òṣùpá, gbéra nínú òjò. Kò tíì lo ìṣẹ́jú kan lójú ọ̀run tí mọ̀nàmọ́ná ti kọ lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Orí ló yọ wọ́n. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas-Centaur tó gbéra ní oṣù Kẹta, 1987 kò rí orí bẹ́ẹ̀: mọ̀nàmọ́ná kọ lù ú, ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ dàrú, ó yà kúrò lọ́nà, ó sì fọ́ yángá. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kò dìgbà tí mọ̀nàmọ́ná bá ti ń kọ kí ewu tó wà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìrù iná gígùn tó ń wọ́ lẹ́yìn, ló máa ń ṣí ọ̀nà fún iná tó ti wà nínú ìkuukùu. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń wọn agbára iná inú afẹ́fẹ́ fi wà káàkiri Cape Canaveral, agbègbè ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì Florida yẹn, tí òfin sì wà lórí irú ìkuukùu tí rọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ là kọjá. Òfin náà le, torí ẹni tí kò mọ ibi tí ewu parí sí á sá jìnnà. Láàárín 2000 sí 2001, àwọn onímọ̀ gbé irú ẹ̀rọ yìí sínú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n sì ń la inú ìkuukùu kọjá ní Florida kí wọ́n lè mọ èyí tó léwu ní tòótọ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mò ń pè ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ti ààbò náà rí bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti gbéra, ẹnì kan á jókòó tì í, á máa wo ohun tí rédà ń sọ, bọ́tìnnì á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó máa fi bà á jẹ́ bó bá ṣìnà. Ẹnì kan yẹn kò dá wà: rédà, áńtẹ́nà ńláńlá àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì yọnu, gbogbo ayé dúró. Ní ọjọ́ 19, oṣù Kejì, 2017, láti orí pèpéle 39A kan náà, Falcon 9 gbéra pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti GPS tirẹ̀ tó ń dá ìpinnu yẹn ṣe, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ má rò pé wọ́n kàn gbé e sí i. Ó ti kọ́kọ́ bá rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ bí èrò lásán, tó ń ṣe ìpinnu tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ lé, tí wọ́n sì ń fi wé ohun tí èèyàn pinnu.

Èrè rẹ̀ hàn ní oṣù Kẹjọ, 2020, nígbà tí Falcon 9 kan kọrí sí gúúsù láti Florida, tó gba òkè Cuba kọjá. Ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti pa ọ̀nà yẹn tì. Ní 1960, àfọ́kù rọ́kẹ́ẹ̀tì kan já sí ilẹ̀ Cuba, wọ́n ní ó pa màlúù kan. (Ẹ lè rẹ́rìn-ín, olówó màlúù kò rẹ́rìn-ín.)

Omi ni mo ti ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ariwo rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ariwo lásán; ìgbì ni, á lu ilẹ̀, á sì padà wá lu rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Nígbà tí Columbia, ọkọ̀ òfuurufú (space shuttle) ti NASA, kọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, 1981, ìgbì náà le ju bí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ lọ. Kó tó tún gbéra ní oṣù Kọkànlá, wọ́n ti yí ètò omi padà: omi ń tú sínú ihò tí iná ń gbà jáde, wọ́n sì na àpò omi sí ẹnu ihò náà. Àpò omi! Kò sí idán kankan níbẹ̀, ìṣirò tó péye ni. Táǹkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle náà nígbà yẹn ń gba nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 300,000, kì í sì í tó ìṣẹ́jú kan tí gbogbo rẹ̀ fi ń ṣàn tán. Fáàfù tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì pẹ́ níbẹ̀ ti ba nǹkan jẹ́.

Síbẹ̀, ní oṣù Kẹrin, 2023, Starship, rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ti SpaceX, gbéra ní Texas lórí kọnkéré tí kò lómi lábẹ́. Àwọn ẹ́ńjìnì rẹ̀ gbẹ́ kòtò sílẹ̀, wọ́n sì fọ́n àpáta kọnkéré káàkiri. Elon Musk, olórí SpaceX, fúnra rẹ̀ sọ pé àwo irin tí omi ń tù ti wà lọ́nà, kò kàn tíì ṣe tán ni, àwọn sì rò pé kọnkéré á fara da ẹ̀ẹ̀kan. Lójú tèmi, ìkánjú ni. Wọ́n gbé irin náà sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá tí èkejì gbéra, pèpéle náà dúró digbí.

Ti òkun kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní oṣù Kẹwàá, 2014, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo wọ agbègbè òkun tí wọ́n ní kí ọkọ̀ kankan má wọ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì Antares kò sì gbéra ní ibùdó Wallops ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì ló gbéra, ó sì bú gbàmù lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni tó ń bínú sí ọkọ̀ ojú omi yẹn lánàá dákẹ́.

Ní báyìí, àwọn kan nílé máa ń sọ pé a sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, kí ló dé tí a ò ní ibùdó tiwa? Lóòótọ́, yíyí tí ayé ń yí ń fún rọ́kẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bíi mítà 465 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan níbẹ̀, bí ó bá kọrí sí ìlà oòrùn. Ẹ wá gbé àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀. Láti etíkun Èkó, ìlà oòrùn gba orí ilẹ̀ Nàìjíríà lọ sí Cameroon, orí àwọn èèyàn ni. Gúúsù nìkan ló ṣí sílẹ̀ fún wa, ẹni tó bá sì kọrí sí gúúsù kò rí èrè yíyí ayé yẹn jẹ. Ìlà oòrùn Malindi ní Kenya ni òkun wà, ibẹ̀ ni àwọn ará Ítálì ti fi sátẹ́láìtì Uhuru ránṣẹ́ sókè lórí pèpéle San Marco ní oṣù Kejìlá, 1970. Ìyẹn náà dákẹ́ láti 1988. Ìlà agbedeméjì kò dá ibùdó gbé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ àṣekágbá, mi ò ní kó lọ ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tó máa fò fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí wọ́n lè ya fọ́tò. Ẹ ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn agbára iná inú afẹ́fẹ́. Àwo irin, mọ́tò kékeré àti ìmọ̀ ẹ̀rọ iná díẹ̀ ló ń fẹ́. Ẹ gbé mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí orí òrùlé ní ibi tó jìnnà síra, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ nǹkan sílẹ̀ láti oṣù Kẹta tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi wé àkókò tí àrá sán gan-an.