Bèbí ìyàwó ayé Ọbabìnrin Victoria: òdòdó ọsàn kò tíì gbà fún mi

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi oníṣẹ́ abẹ́rẹ́. Síkẹ́ẹ̀tì bèbí ti parí. Léèsì ọrùn ti wọlé. Ìbòjú náà ti wà nílẹ̀. Òdòdó orí nìkan ló kù, òun ló sì gba gbogbo ọ̀sán mi.

Òdòdó ọsàn ni Victoria dé dípò adé lọ́jọ́ tó fẹ́ Albert, February 10, 1840, làwọn ìyàwó Gẹ̀ẹ́sì bá ń dé e káàkiri. Igi ọsàn lè rù òdòdó àti èso pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà pé ó ń pe ọmọ wá. Ìda ni wọ́n fi ń ṣe èyí tí kì í rọ.

Ìda àbẹ́là ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ri bébà bọ̀ ọ́, á funfun, á dán. Kí n wá ní kí n tẹ ewé òdòdó náà díẹ̀ báyìí, ó sán! Nígbà tí wọ́n mú iná lọ tí fáànù dúró, àwọn tí kò sán ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Mo po ìda oyin mọ́ ọn. Ìyẹn kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó nǹkan bí 62 sí 64 ní ìwọ̀n Celsius, ó sì ń jẹ́ kí ewé tẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó sọ òdòdó mi di àwọ̀ ìyeyè. Èyí tí mo rà lọ́wọ́ ìyá olóyin ṣì ní èérí nínú. Àwọn tó ń ta èròjà ìpara a máa ní èyí tí wọ́n ti sọ di funfun, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

Bí mo ṣe ń kọ èyí gan-an ni mo pa ètò dà: sátíìnì ni màá fi gé ewé òdòdó. Ìrudi nìkan ni màá fi ìda ṣe, torí kò sẹ́ni tó ń tẹ ìrudi.

Mi ò lè fi òdòdó náà sílẹ̀, torí Àìná ọmọ Ẹ̀gbádò, Sarah Forbes Bonetta, tí Ọbabìnrin Victoria ṣe alágbàtọ́ rẹ̀, ni mo ń fi bèbí yìí yẹ́ sí. August 14, 1862 ló fẹ́ James Davies ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas, Brighton. Ọjọ́bọ̀ ni. Orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ọjọ́rú ló dára jù fún ìgbéyàwó, pé ìṣòro ni ti Ọjọ́bọ̀. Inú mi dùn pé wọn ò torí rẹ̀ yí ọjọ́ padà.

Mi ò ní rán ìṣẹ́tí tán o. Àwọn aránṣọ ìgbà náà kì í rán ibi ìkẹyìn títí ìyàwó yóò fi fẹ́ jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi òwú funfun wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kó tó di Sátidé.