"Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?"

Nígbà tí wọ́n sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe màmá mi, gbogbo ẹbí fẹnu kò pé èmi ni kí n dúró tì wọ́n. Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn. Wọ́n ní èmi ni ọ̀gá ara mi, mo lè ti ṣọ́ọ̀bù nígbà tó bá wù mí. Mo gbà tọkàntọkàn, ìyá mi ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ẹni tí yóò máa gbà á lọ́wọ́ mi, èmi náà ò sì béèrè.

Ìgbà 6 ni wọn yóò gba kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ọjọ́ 21 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ká tó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Tá a bá délé, èébì ló kù. Ibọ̀wọ́ ni mo fi ń da póò wọn nù, torí oògùn náà ṣì máa ń bá ìtọ̀ àti èébì jáde fún nǹkan bí ọjọ́ 2. Fóònù ò sinmi: "Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Lẹ́yìn kẹ́mò kẹta, ara wọn gbóná lóru ọjọ́ kan. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí tẹmómítà bá ti dé 38, ká má dúró dìgbà tílẹ̀ á mọ́, torí kẹ́mò máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àìsàn jà nínú ẹ̀jẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò fojú kan oorun. Mo fún wọn ní parasítámọ̀, mo ní ibà lásán ni, mo sùn lọ. Nígbà tí mo jí, wọn ò lè dìde. Ọjọ́ 9 la lò ní wọ́ọ̀dù kí Ọlọ́run tó yọ wá. 38.4 ni mo rí kí n tó sùn. Ibí yìí ni mo ti ń kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ní wọ́ọ̀dù yẹn ni nọ́ọ̀sì kan ti wò mí lójú, tó bi mí ní ìbéèrè tó wà lókè yẹn. Mo bú sẹ́kún. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi: 160 lórí 100.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ní "ẹ ràn mí lọ́wọ́", àwọn ẹbí á ní "Ọlọ́run á ràn wá lọ́wọ́". Lọ́tẹ̀ yìí, mo pe oníkálukú, mo sì dárúkọ ohun tí mo fẹ́. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi kejì ń wá sùn tì wọ́n ní alẹ́ Túsìdeè àti Fúráìdeè, èmi á lọ sùn nílé mi. Ìyá kan ní ìjọ wa ń se ọbẹ̀ tí kò ní ata, torí ẹnu wọn ti bó. Ọmọ àǹtí mi gba fóònù, òun ló ń ròyìn fún gbogbo ẹbí nírọ̀lẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ń tọ́jú oníjẹjẹrẹ, ẹ má bi í pé "kí ni kí n ṣe?" Iṣẹ́ ni ìdáhùn yẹn náà. Ẹ wá gba aṣọ ìdọ̀tí, kẹ́ ẹ lọ fọ̀ ọ́. Ẹ jókòó ti aláìsàn fún wákàtí méjì. Ẹ má gbé àgbo wá, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pa kẹ́mò tì. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyá mi lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lọ tán. Ẹ̀yin olùtọ́jú, ẹ béèrè àwọn tí wọ́n ń pè ní palliative, ìyẹn àwọn tó ń dẹ ìrora àti ìnira aláìsàn; ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn ní tiwọn. Kì í ṣe ẹni tó ń kú lọ nìkan ni wọ́n wà fún, wọ́n máa ń béèrè ọ̀rọ̀ ẹbí pẹ̀lú.

Túsìdeè àkọ́kọ́, mi ò lè sùn nílé, etí mi ń wá ikọ́ wọn. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo sùn di aago 9. Mo sáré padà, mò ń bẹ̀bẹ̀ pé mo pẹ́. Màmá mi rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà sùn lánàá," ni wọ́n wí. "Bó o bá ti jókòó tí ò ń wò mí lóru yẹn, ojú ni mo kàn máa ń dì, kó o lè lọ sùn."