Ìbéèrè Ìyá Kan Níbi Ìpàdé Omi

Lánàá, mo wà níbi ìpàdé kan tí àwọn onílùú àti àwọn ogúnléndé jọ ṣe lórí ibi tí wọn yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tuntun sí. Ìyá àgbàlagbà kan dìde, ó sì béèrè ìdí tí gbogbo ìrànwọ́ fi ń gba iwájú ilé wọn kọjá lọ sí àgọ́, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ wọn náà ń jókòó sí kíláàsì tó ti kún àkúnya. Àwọn kan kùn, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìbéèrè náà tọ́. Àdéhùn Àgbáyé lórí Ogúnléndé, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, fi mímú kí ẹrù ìlú tó gba àlejò fúyẹ́ ṣe àfojúsùn àkọ́kọ́, kí ó tó kan ríran ogúnléndé lọ́wọ́ láti dá dúró.

Ọ̀dọ́kùnrin kan láti àgọ́ ló dá a lóhùn. Ó ní òun mọ ẹ̀rọ omi tún ṣe, ṣùgbọ́n òun kò ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Àdéhùn àgbáyé ọdún 1951 lórí ipò àwọn ogúnléndé mẹ́nu ba ẹ̀tọ́ iṣẹ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣì ń dí i lọ́nà, èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu, nítorí ẹni tí a kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni a tún ń pè ní ẹrù.

Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí kànga náà wà láàárín ìlú àti àgọ́, kí ìgbìmọ̀ tó ní aṣojú ìhà méjèèjì máa bójú tó o. Ìyá náà ló dábàá pé kí ìgbìmọ̀ bá ọ̀dọ́kùnrin yẹn béèrè fún ìwé àṣẹ rẹ̀.