Ọdún 2025 lójú ẹni tí kò lẹ́sìn ní Ṣábẹ́

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Gbogbo ilé ní Ṣábẹ́, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin, ló ń dúpẹ́ báyìí, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ní mọ́ṣáláṣí, àwọn kan nídìí òrìṣà bàbá wọn. Èmi kò sí níbì kankan nínú wọn. Ó ti pẹ́ tí ìgbàgbọ́ ti tán nínú mi. Ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀ mí. Mo rò ó títí ni, mo sì rí i pé n kò gbà á mọ́. Àmọ́ ó wù mí kí ojú inú mi là, kí n má kàn máa jí, kí n jẹun, kí n sùn. Nítorí náà ni mo fi ń ṣírò ọdún tèmi náà.

Mo ń gun òkè. Ẹni tó bá ti gba ìlú wa kọjá mọ àwọn àpáta ńláńlá wọ̀nyẹn. Láàárọ̀ kùtù, n óò jókòó síbẹ̀, n óò máa ṣọ́ èémí mi bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde. Ọkàn á sá lọ sídìí gbèsè, tàbí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ lánàá. N óò pè é padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo ti ń rí ìbínú mi báyìí kó tó dé ẹnu. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo dojú bolẹ̀ sórí àpáta náà, mo wò ó fínnífínní. Èérún funfun wà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọn dúdú wẹ́wẹ́ sì ń kọ mànà bí oòrùn ṣe kàn wọ́n. Gíránáìtì ni. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló wà nígbà tó ṣì ń yọ́, ó wá tutù díẹ̀díẹ̀, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èérún náà fi ráyè dàgbà títí ojú lásán fi lè rí wọn. Òjò àti atẹ́gùn ló jẹ ilẹ̀ tó bò ó tán kó tó yọrí síta, láàárín ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Orí mi wú. N kò tíì gbọ́ ìwàásù tó ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án, òṣùpá yọ nírọ̀lẹ́, ó pọ́n. Ayé ló bọ́ sáàárín òun àti oòrùn. Àwọn aládùúgbò kan ń gbàdúrà. Ìyá mi jókòó tì mí níta, mo ṣàlàyé fún wọn pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó gba inú afẹ́fẹ́ ayé ló tẹ̀ lọ bá òṣùpá, pé gbogbo ibi tí oòrùn ti ń wọ̀ àti ibi tó ti ń yọ láyé lásìkò náà, pupa wọn ló wà lójú òṣùpá yẹn. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, “Ọlọ́run tóbi.” N kò jiyàn. Ẹnu ya àwa méjèèjì.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí Yorùbá tí kò lẹ́sìn, pé ìwà òyìnbó ni mò ń hù. Ó máa ń dùn mí. Paulin Hountondji, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ wa tó kú ní oṣù kejì ọdún 2024, bá irú èrò yìí jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé ọkàn kan ni gbogbo aláwọ̀ dúdú fi ń ronú. Ó fẹ́ kí kálukú gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, kí ẹlòmíì sì bá a jiyàn. Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ mí nínú ẹ̀sìn ni orin, kí èrò pọ̀, kí ohùn tèmi wọnú tiwọn. Àpáta kò lè fúnni nìyẹn. Ọ̀wẹ̀ ló fún mi. Nígbà tí a lọ kọ ebè fún opó kan ládùúgbò, orin la fi ń gbé ọkọ́ sókè, òógùn ń bọ́, kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀sìn ẹnì kejì.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2026, òjìji ayé á tún bo èyí tó pọ̀ jù lára òṣùpá, a ó sì rí i láti ilẹ̀ Benin bí kùrukùru bá gbà. Ìyá mi ti ní kí n jí àwọn: wọ́n á gbàdúrà tiwọn, èmi á ṣàlàyé tèmi fún àwọn ọmọ. Ẹni tó bá wà ní Ṣábẹ́ nígbà náà, kó wá bá wa nílé.