Màmá tó gbá mi lẹ́sẹ̀ nínú agbo capoeira

Oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ capoeira, eré ìjà olórin àwọn ará Brazil, ni màmá kan gbá mi lẹ́sẹ̀ láàárín agbo, mo fìdí sọlẹ̀ gbì. Màmá yìí ti lé ní 60 ọdún. Èmi ni mo ju ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè fíofío kí wọ́n lè rí i pé mo ti ń mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ òsì tí mo fi dúró, n kò rántí rẹ̀ rárá. Màmá lóṣòó mọ́lẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ kan, wọ́n fi kọ́ mi ní ọrùn-ẹsẹ̀, wọ́n sì rọra fà á, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ fa bàtà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Agbo bú sẹ́rìn-ín, orin ò dúró, màmá na ọwọ́ sí mi pé kí n dìde ká máa bá a lọ.

Rasteira ni wọ́n ń pe ìyẹn. Mo ti mọ orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ kejì. Ìdí mi ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù la ti ń ṣe é, nínú gbọ̀ngàn àdúgbò kan, ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti àárọ̀ Sátidé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbọ́, wọ́n pè mí láti Ìbàdàn: "Ìwọ yìí, ìgbà tóo pé ogójì ọdún lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjà?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, eré ni o, kì í ṣe ìjà." N kò parọ́. Àwọn ará Brazil kì í sábà sọ pé àwọn ń ja capoeira. Wọ́n á ní àwọn ń ṣeré. Ṣùgbọ́n eré tí eyín lè bá lọ ni, ẹ má tan ara yín.

Bí ẹ bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó wò wọ́n kí ẹ tó sanwó. Ẹ má wo ẹni tó ń takìtì. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan ni kí ẹ wò, kí ẹ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí i. Ẹgbẹ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi mí sí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò bi mí lórúkọ, ṣùgbọ́n kíá ni wọ́n sọ iye tí ṣòkòtò funfun wọn jẹ́ fún mi. Níbi tí mo wà báyìí, pọ́ùn 6 là ń dá lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí kò bá rí i dá á bá wa gbálẹ̀ nígbà tí a bá ṣe tán. Tí ẹ bá sì ní in, ẹ máa san án déédéé. Ẹ rántí Mestre Pastinha (ọ̀gá olùkọ́ ni mestre) tó dá ilé ẹ̀kọ́ capoeira Angola, ẹ̀yà kan eré náà, sílẹ̀ ní ìlú Salvador ní Brazil ní 1941, tó bá àwọn ará Brazil lọ sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dakar ní 1966: wọ́n lé e kúrò nínú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní àdúgbò Pelourinho. Inú ìṣẹ́ ló kú sí ní 1981, ojú rẹ̀ sì ti fọ́.

Ginga nìkan ni wọ́n fi ń pa ẹni tuntun: ẹsẹ̀ kan á padà sẹ́yìn, apá kan á gòkè wá bo ojú, ẹ ó sì yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, títí ẹsẹ̀ kò fi ní í dúró mọ́. Ó sú mi. Mo lọ ń wo YouTube ní pálọ̀ láti kọ́ armada, ẹsẹ̀ tí a fi ń yípo. Orúnkún mi wú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó sílé. Ẹ ṣe ginga yín. Ẹ máa na ọrùn-ọwọ́ kí ẹ tó fi ọwọ́ gbé ara, ẹ bọ́ òrùka, ẹ má sì jẹ ẹ̀bà lọ síbẹ̀.

Orin ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì gbà mí là. Ẹni tó bá wà nínú agbo tí kò pàtẹ́wọ́, tí kò gbe orin, òun ló ń ba eré àwọn tó wà láàárín jẹ́. N kò gbọ́ Potogí, nítorí náà ègbè ni mo kọ́kọ́ kọ́, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì, mò ń kọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé berimbau lé mi lọ́wọ́: ọrun onígi, wáyà kan, igbá ní ìsàlẹ̀. Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì ló ń gbé gbogbo ẹrù rẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá á mú òkúta tí a fi ń tẹ wáyà, ọwọ́ ọ̀tún á mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ àti ṣaworo kékeré tí wọ́n hun bí apẹ̀rẹ̀. Ẹ ó máa ti ẹnu igbá mọ́ ikùn, ẹ ó máa gbé e kúrò, kí ohùn lè yí. Ọmọńdinrín mi bó. Berimbau mẹ́ta ló ń wà nínú agbo, èyí tó tóbi jù ń jẹ́ gunga, bí ìyáàlù ló ṣe rí: òun ló ń sọ bóyá eré á yá tàbí á falẹ̀, tó bá sì pè yín, ẹ ó padà wá síwájú rẹ̀.

Agogo ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n lù nínú agbo. Agogô ni wọ́n ń pè é. Tí eré bá gbóná, wọ́n á ní axé wà níbẹ̀, àṣẹ wa yìí náà ni. Orí mi wú. Mo ní tiwa ni gbogbo rẹ̀! Mestre wa, ọmọ Bahia, rẹ́rìn-ín, ó ní agogo tiyín ni, àṣẹ tiyín ni, ṣùgbọ́n kí n bi berimbau ibi tó ti wá, kí n sì rántí ìdí tí wọ́n fi ń pe ẹ̀yà kan eré náà ní Angola. Mo panu mọ́. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ bá ń bọ̀ níbẹ̀, ẹ má wọlé bí onílé.

Wọ́n á fún yín lórúkọ àlàjẹ́. Ní 1890, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí oko ẹrú parí ní Brazil, wọ́n fi capoeira sínú òfin ọ̀daràn, ẹ̀wọ̀n oṣù méjì sí mẹ́fà ni. Wọ́n ní àlàjẹ́ ni wọ́n fi ń fi orúkọ gidi pa mọ́ fún ọlọ́pàá. Mestre Bimba, ọ̀gá capoeira mìíràn tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní 1932, Manoel dos Reis Machado ni orúkọ rẹ̀. Èmi, lẹ́yìn ìṣubú yẹn, Poste ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn òpó iná, nítorí pé mo dúró gbagidi.

Sátidé tó kọjá, èmi àti màmá tún pàdé níwájú gunga. Mo rí ẹsẹ̀ wọn tó ń bọ̀, mo gbé tèmi kúrò, inú mi sì ti ń dùn. N kò mọ ìgbà tí wọ́n yọ wọlé, àfi bí mo ṣe rí i tí wọ́n rọra fi orí kan ikùn mi, wọ́n ṣẹ́jú sí mi, wọ́n sì fi òkìtì yí lọ.