Àǹtí Mi Lórí Potkuri

Owó tí wọ́n ń gbà ní Lapland, ní àríwá Fínlándì, kí ajá tó fi ọkọ̀ yìnyín wọ́ èèyàn wọgbó kì í ṣe kékeré. Nígbà tí Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, gbọ́ iye rẹ̀, ó ní, "Ajá? Kí n sanwó kí ajá máa wọ́ mi nílẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ìbàdàn ló ti wá kí wa ní Manchester, YouTube ló sì kó sí i lórí pé àríwá Fínlándì yìí ni òun fẹ́ rí. Bí a ṣe di ẹrù nìyẹn, èmi àti òun, láìsí amọ̀nà: ọkọ̀ ojú irin alẹ́ láti Helsinki dé Rovaniemi, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì tó ń já igbó títí dé Inari. Rovaniemi ni ọ̀pọ̀ èrò ń bọ́ sí nítorí Bàbá Kérésì. Àǹtí ní òun ò bá bàbá kankan ní àdéhùn.

Inari wà létí adágún ńlá kan tí erékùṣù inú rẹ̀ lé ní 3,000. Oṣù kẹta la lọ, gbogbo omi náà ti dì gbagidi, alùpùpù yìnyín ń sáré lórí rẹ̀. Obìnrin tó ni ilé tí a wọ̀ sí ní kò sígbà tí a wá tí a ò ní rí nǹkan ṣe. Tó bá di oṣù kẹfà, oòrùn ò ní wọ̀ rárá, àwọn èèyàn á máa rìn nínú igbó láàárín òru, ẹ̀fọn náà á sì máa bá wọn rìn. Ní oṣù kẹsàn-án, ewé á pọ́n, èèyàn á máa já èso igbó jẹ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, òfin ò sì mú un. Ibẹ̀ ni Àǹtí ti dá a dúró.

"Àwọn ọmọ onílẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní kò sí. Ó wò mí títí, kò gbà mí gbọ́.

Obìnrin yìí náà ló yá wa ní potkuri. Àga igi ni, wọ́n gbé e lé irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gùn sẹ́yìn. Ẹnì kan á jókòó, ẹnì kejì á dúró lórí irin lẹ́yìn, á máa fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ ń gbé e lọ ra búrẹ́dì. Kò ní bíréèkì o. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń tì í ni bíréèkì.

Àǹtí jókòó, gèlè lórí fìlà òtútù, báàgì lórí itan. Òtútù ọjọ́ náà tó ìwọ̀n 15 nísàlẹ̀ òdo, irun imú mi ti dì. A ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ títí a fi dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dojú kọ adágún.

"Dúró, ya mí. Kí n fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo gbé fóònù sókè. "Ẹ rẹ́rìn-ín." Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè. Potkuri gbéra.

Kò kọ́kọ́ sáré. Ó ń yọ́ lọ bí ẹni tó fẹ́ sá fún olówó èlé. Inú fóònù ni mo ti rí i pé Àǹtí ń jáde kúrò nínú fọ́tò, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Àkànbí! Ṣé ìwọ lò ń tì mí?"

"Rárá o, Àǹtí!"

"Jésùùù!"

"Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀!"

"Ẹsẹ̀ wo?!"

Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ṣubú, ìdí ni mo sì fi parí ìyókù ọ̀nà. Potkuri gba orí yìnyín kọjá, ó dorí kọ bàbá kan tó jókòó sórí àpótí, tó lu ihò sí yìnyín, tó ju ìwọ̀ sínú rẹ̀. Ọlọ́run ló ní kó wọ inú òjò dídì tó rọ̀. Ó dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà, báàgì ṣì wà lórí itan.

Bàbá wo gèlè. Ó wo òkè. Ó wò mí bí mo ṣe ń fi ìdí bọ̀. Ó wá sún fúláàsì kọfí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àyè lè gba àlejò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ni Àǹtí wí. "Ẹ má bínú, mi ò wá lé ẹja yín lọ."

"No niin," ni bàbá fèsì ní èdè Fínlándì.

"Ó mà dáhùn!"

Ọ̀rọ̀ kò tún wọ̀ mí láàárín wọn mọ́. Èèyàn ò nílò ìwé àṣẹ kó tó fi ìwọ̀ pẹja lórí yìnyín ní Fínlándì, bàbá kàn na ọ̀pá kékeré rẹ̀ sí i ni. Kí n tó gun òkè lọ wá ìbọ̀wọ́ mi bọ̀, Àǹtí ti fa ẹja jáde: ẹja abilà dúdú, ìyẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti gún un lọ́wọ́. Ó ń bá ẹja náà jà ní èdè Ìbàdàn, bàbá ń mi orí.

Èmi ni mo ti gbogbo wọn gun òkè padà, Àǹtí, báàgì àti ẹja.

"Rọra o, kí ẹja mi má bọ́. Fọ́tò yẹn dà?"

Mo fi hàn án: yìnyín funfun báláú, etí gèlè kan, bàtà ẹsẹ̀ kan tó ń lọ. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó dáadáa.

"Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ sábẹ̀ pé èmi ni mò ń wà á."