Kí wọ́n tó bẹ́ sómi

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Fídíò àwọn òmùwẹ̀ ni mo fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ òní wò. Apá tó wù mí jù ni ti yàrá tí wọ́n ń kó wọn jókòó sí kí wọ́n tó pè wọ́n jáde. Àwọn tó fẹ́ gba ipò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ló jókòó síbẹ̀, ẹnì kan ò kí ẹnì kan.

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti ìdíje Òlíńpíìkì ní Rio lọ́dún 2016. Chad le Clos, ọmọ South Africa, dìde, ó ń ta pọ́nún, ó ń ju ẹ̀ṣẹ́ sáfẹ́fẹ́ níwájú Michael Phelps, ọmọ Amẹ́ríkà. Phelps ní tirẹ̀ jókòó, ó fa fìlà aṣọ rẹ̀ borí, hẹ́ẹ̀dífóònù wà létí rẹ̀, ó sì fajú ro kankan. Àwọn èèyàn sọ ojú yẹn di àwàdà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí mo rántí pé le Clos yìí kan náà ló fi ìṣẹ́jú àáyá 0.05 péré gba góòlù mítà 200 ti labalábá, ìyẹn ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń ju apá méjèèjì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2012. Lójú tèmi, ẹ̀rù ń ba àwọn méjèèjì. Ọ̀kan gbé tirẹ̀ sẹ́sẹ̀, ìkejì gbé tirẹ̀ sójú. Phelps ló gba góòlù lọ́jọ́ kejì; le Clos ṣe ipò kẹrin.

Eré omi yìí le o. Agbábọ́ọ̀lù tí àyà rẹ̀ ń já á sáré, á pariwo, á bá rẹfirí fa ọ̀rọ̀, ẹ̀rù náà á sì bá òógùn jáde. Òmùwẹ̀ ò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ ń gbọ̀n, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n bó tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtọ̀ dé, gbogbo ara ń sọ fún un pé kó gbéra. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n á ní kó tẹ̀ síwájú lórí pèpéle tí wọ́n ti ń bẹ́ sómi, kó dúró jẹ́ẹ́, kó má mira. Bó bá ṣáájú ìró gbéra, ó parí nìyẹn. Wọn kì í tún un bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ian Thorpe, òmùwẹ̀ ọmọ Australia, mọ̀ ọ́n. Òun ló gba góòlù mítà 400 ní Sydney lọ́dún 2000. Ní oṣù kẹta ọdún 2004, níbi tí wọ́n ti ń yan àwọn tó máa ṣojú Australia ní Athens, ó ré bọ́ láti orí pèpéle sínú omi kí wọ́n tó fún wọn láṣẹ, wọ́n sì yọ ọ́. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ. Tirẹ̀ ò tilẹ̀ dúró débi omi. Craig Stevens tí àyè náà bọ́ sí lọ́wọ́ ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, Thorpe sì lọ gba góòlù náà. Ọ̀rọ̀ Stevens ló máa ń dùn mí. Gbogbo orílẹ̀-èdè ń wò ó lẹ́nu, wọ́n ń retí ohun tó máa sọ. Ta ló bi í léèrè bóyá òun náà sùn lálẹ́ yẹn?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Eric Moussambani ní Sydney. Ọmọ Equatorial Guinea ni, kò sì lúwẹ̀ẹ́ nínú púùlù tó gùn tó mítà 50 rí kó tó débẹ̀. Àwọn méjì tí wọ́n jọ wà lórí pèpéle bẹ́ sómi ṣáájú ìró, ló bá ku òun nìkan. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 52.72 ló fi lúwẹ̀ẹ́ mítà 100, èrò ń hó lé e lórí títí ó fi fọwọ́ kan ògiri. Gbogbo wa la mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn méjì yẹn ńkọ́? Ọ̀kan wá láti Niger, ìkejì láti Tajikistan. Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó, kí wọ́n kàn bẹ́ sómi kí wọ́n sì ní kí wọ́n jáde.

Mo wo ti Caeleb Dressel, ọmọ Amẹ́ríkà, náà ní Paris lọ́dún 2024. Góòlù márùn-ún ló kó ní Tokyo lọ́dún 2021. Ní Paris, lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ó ṣe ipò kẹfà ní mítà 50, kò sì rọ́nà wọ àṣekágbá mítà 100 ti labalábá. Ó sunkún, kámẹ́rà ò sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Mo pa fóònù dé.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló fà á tí mo fi ń wo gbogbo eléyìí. Ó máa lúwẹ̀ẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Sátidé. Ó pè mí lánàá: "Bíg Mọ́mì, àyà mi ń já. Ṣé ó máa ń ṣe àwọn tó gba góòlù náà bẹ́ẹ̀?" Mo fi fídíò Phelps ránṣẹ́ sí i. Ó ní ó jọ tíṣà ìṣirò àwọn.

Mo fẹ́ bá wọn lọ. Ìyá rẹ̀ ní kí n jókòó sílé, pé ojú mi lọ́mọ máa ń wò kó tó bẹ́ sómi, ẹ̀rù tó bá sì bá níbẹ̀ ló máa ń gbé lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ó gbà pé kí n wá, àmọ́ ẹ̀yìn pátápátá ni kí n jókòó sí.